Ọ̀dà Tó Ń Jò Lọ́rùn Pẹ́pẹ́yẹ

Bí iṣẹ́ bá kọ ẹni sílẹ̀, ọ̀sán a máa gùn lójú ẹni bí ọ̀nà ilẹ̀ òkèèrè. Bùrẹ́ímọ̀ Àtíìsì mọ èyí dájú. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń jí nínú ilé rẹ̀ ní Ibafo, tí yóò kírun àárọ̀, tí yóò fọ búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rìndínlógún tí kò fi kun nǹkan kan lánàá, tí yóò sì tò wọ́n padà sínú agolo mílíìkì. Ìyàwó rẹ̀, Sùwéébátù, a máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bàbá Salmah, irun orí àwọn búrọ́ọ̀ṣì yìí á re tán o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

"Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kì í sinmi. Kí ni wọn ó sinmi lé lórí?"

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí láìmọ̀ ọ́n. Òun ló ya akọ màlúù sára ìsọ̀ àwọn alápatà. Òun ló ya ẹja tó ń rẹ́rìn-ín síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja tútù. Nọ́ńbà tó wà lára àwọn típà tó ń kó yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó yá, fúlẹ́ẹ̀sì dé, ọ̀rá fífẹ̀ gbàràgàdà tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń nà sára igi bí ẹni sá aṣọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún ráyè dúró de ọkùnrin tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta ya ẹja kan.

Yaqub tó fẹ́ Salmah ọmọ rẹ̀ wá bá a wá iṣẹ́ máígádì sí ẹ̀sìtéètì kan ní Mowe. Ó ní, "Ẹ kàn máa ṣí géètì, ẹ kàn máa tì í ni, Bàbá. Wọ́n á fún yín ní àga pẹ̀lú." Iṣẹ́ ò kúkú lábùkù, ẹni tó bá jí tó rí nǹkan ṣe, kó dúpẹ́. Bùrẹ́ímọ̀ ní òun yóò fèsì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ó ti bá ọkàn ara rẹ̀ sọ ọ́: bí Jímọ́ọ̀ bá dé tí iṣẹ́ ọnà kankan kò wọlé, òun yóò kó búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fún ẹni tó bá lè lò wọ́n, òun yóò sì lọ gba kọ́kọ́rọ́ géètì. Ó fẹnu sọ ọ́, àmọ́ bó bá ti kírun tán báyìí, àdúrà tó ń gbà kò bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. A ní, "Ọlọ́run Ọba, Ìwọ tó kun ara labalábá láìlo búrọ́ọ̀ṣì, má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ mi ṣíwọ́ kí ẹ̀mí mi tó ṣíwọ́."

Ọlọ́run kì í pẹ́, àwa ni a máa ń kánjú. Lọ́jọ́rú, obìnrin kan dé láti Magboro, ó kúnlẹ̀ kí wọn tọkọtaya. Ó ní Àjíbíkẹ́ ni orúkọ òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi.

"Ẹ̀yin lẹ ya ẹja tó ń rẹ́rìn-ín níjọ́sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá? Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá ti ń ké, ìyá mi á gbé mi lọ wò ó. Ẹkún mi á dá."

Bùrẹ́ímọ̀ ní òun ni. Inú rẹ̀ ti ń dùn bí inú ẹni tí wọ́n bá òkúta wúrà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

"Pẹ́pẹ́yẹ ni mo fẹ́. Ìyá pẹ́pẹ́yẹ níwájú, ọmọ mẹ́fà tò lẹ́yìn rẹ̀. Yóò wà lára síìnì-bọ́ọ̀dù, yóò wà lára ìwé, yóò wà lára àpò àyà aṣọ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà ni mo ti fẹ́ ẹ o. Àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ ò gba èyí tí wọ́n kùn sórí pákó. Kí àwọ̀ rẹ̀ kún dáadáa, kó má ṣe wúruwùru. Kó sì tó mi lọ́wọ́ lọ́la kílẹ̀ tó ṣú, torí àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí kò bá tó mi lọ́wọ́, màá kàn mú pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni."

"Pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó kẹ̀?" Sùwéébátù gba ọ̀rọ̀ náà. "Èdè wo ni yóò fi kí àwọn ọmọ Magboro?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bùrẹ́ímọ̀ sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Lọ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Yóò ṣeé ṣe lágbára Ọlọ́run." Ìgbà tí obìnrin náà jáde tán ló tó rántí pé òun ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé òun. Ẹnu ti sá ṣáájú, ọwọ́ wá ń mí hẹlẹ lẹ́yìn.

Ilé kejì sí tiwọn ni Mọ́láyọ̀ ń gbé. Èkó ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti kó wá ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà síwájú ilé, níbi tó ti ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún bí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ tó yí wọn ká. Obìnrin tó gbà pé kò sí nǹkan tí àdúrà ò lè tún ṣe ni, títí kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Bùrẹ́ímọ̀, ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ jókòó. Lónìí lẹ ó di ọmọ kọ̀ǹpútà."

"Ní ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin?"

"Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi àsè ni wọ́n máa ń bu ìsàlẹ̀ ìkòkò fún, Bàbá. Ibẹ̀ ni ẹran ń lọ sí."

Bùrẹ́ímọ̀ ti fi yíǹkì ya pẹ́pẹ́yẹ méjèèje sórí bébà funfun láti ilé. Mọ́láyọ̀ fi fóònù ya fọ́tò bébà náà, ó gbé e sínú ètò ìyàwòrán kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà. Ó na ìka sí àwòrán garawa kan lókè ojú ẹ̀rọ, garawa tó dàgẹ̀rẹ̀ tí ọ̀dà ń kán lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ rí garawa yìí? Ẹ mú àwọ̀ tó wù yín, ẹ gbé garawa lọ síbi tí ẹ fẹ́ kùn, ẹ tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ á kun ibẹ̀ dé etí ìlà, á sì dúró."

"Lẹ́ẹ̀kan?"

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Bùrẹ́ímọ̀ mi orí. Ó ronú gbogbo ọjọ́ tí òun fi kun ikùn màlúù àwọn alápatà nínú oòrùn. Ó mú àwọ̀ òféfèé bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ó gbé garawa sí ikùn ìyá pẹ́pẹ́yẹ, ó ní "Bísímílà", Mọ́láyọ̀ ní "Lórúkọ Jésù", Bùrẹ́ímọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Àmì kan jáde lára pẹ́pẹ́yẹ, kò tó hóró ìrẹsì.

Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Hóró mìíràn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ìyá pẹ́pẹ́yẹ dàbí ọmọ tí èéyi ń yọ lẹ́nu.

"Garawa yín mà ṣahun o," ni ó sọ.

Mọ́láyọ̀ fẹ àwòrán náà lójú títí ikùn pẹ́pẹ́yẹ fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti yé wọn. Bébà tó funfun bálaú lójú ènìyàn kò funfun bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò. Funfun kan wà, funfun tó fẹ́ pọ́n díẹ̀ wà, funfun tó ti ń lọ sọ́nà eérú wà, gbogbo wọn dà pọ̀ bí ìrẹsì tí wọn ò ṣà.

"Àwọ̀ kan ṣoṣo tí garawa bá bá níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ló mọ̀," Mọ́láyọ̀ là á yé e. "Tó bá ti rí i pé funfun yí padà díẹ̀ báyìí, á ní ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn, á dúró."

"Garawa tó mọ ààlà ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ò bá wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀."

Kò sí ọgbọ́n mìíràn ju pé kó tún àwòrán náà yà lórí ojú ewé kọ̀ǹpútà tó mọ́, tó jẹ́ funfun kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mọ́láyọ̀ ní kó fi pẹ́ńsù inú ẹ̀rọ yà á, kó má fi búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, torí etí ìlà búrọ́ọ̀ṣì rọ̀, ó máa ń fi eérú sílẹ̀ láàárín ìlà àti ọ̀dà. Báyìí ni Bùrẹ́ímọ̀ ṣe di máòsì mú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, pẹ́pẹ́yẹ tó kọ́kọ́ yà jọ bàtà tí mọ́tò tẹ̀. Mọ́láyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi," Bùrẹ́ímọ̀ wí. "Bí mo ṣe kọ́kọ́ di búrọ́ọ̀ṣì mú náà nìyí. Bàbá mi ní ewúrẹ́ tí mo yà dàbí àpótí tó ń bínú."

Ní Alámísì, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí Mọ́láyọ̀ tó ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ti bá máòsì rẹ́. Nígbà tí oòrùn fi kúrò ní àtàrí, pẹ́pẹ́yẹ méje ti tò sórí ojú ewé, ìyá gbé àyà síwájú, àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé e, èyí tó kéré jù wo ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì dúró wò ó. Obìnrin kan ní èyí ẹ̀yìn yẹn jọ ọmọ òun gan-an, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí àwọn bá ti ń pẹ́ dé iléèwé.

"Ó ku ọ̀dà," ni Mọ́láyọ̀ wí.

Bùrẹ́ímọ̀ mú àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó gbé garawa sí ikùn ìyá pẹ́pẹ́yẹ, ó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ojú ewé di ẹ̀bà elépo. Ikùn pẹ́pẹ́yẹ, ojú ọ̀run, ilẹ̀, ikùn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohun gbogbo kan náà. Ìlà dúdú nìkan ló ku láàárín rẹ̀ bí egungun ẹja nínú ọbẹ̀.

Mọ́láyọ̀ tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀, ọ̀dà náà padà síbi tó ti wá, ewé di funfun. Ó dánwò sára ọmọ àkọ́kọ́. Ẹ̀bà. Ọmọ kẹta. Ẹ̀bà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ẹ̀bà náà ni. Ni obìnrin náà bá gbé ọwọ́ lé e, ó dijú.

"Gbogbo agbára tó ń da ọ̀dà ọmọ Ọlọ́run nù..."

"Rọra o, Mọ́láyọ̀. Má lé ẹ̀mí inú ẹ̀rọ yìí lọ, òun la fẹ́ fi ṣiṣẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín láàárín àdúrà. Ó ní, "Àmín náà ni o, Bàbá."

Bùrẹ́ímọ̀ fi ọwọ́ gba àgbọ̀n mú. Ẹni tó bá ti fi ọ̀dà jẹun fún ogójì ọdún mọ̀ pé ọ̀dà kì í rìn láìsí ọ̀nà. "Ó ń jò ni," ló wí. "Ibì kan wà tí ìlà kò ti pàdé. Tún fẹ̀ ẹ́ lójú bíi tàná."

Mọ́láyọ̀ fẹ̀ ẹ́. Ìlà tó ń dán tẹ́lẹ̀ wá dàbí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò ní ìpele ìpele. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, wọ́n ń tọ ìlà lọ bí èèrà: ẹ̀yìn, ìyẹ́, ẹsẹ̀, ikùn, àyà. Kò sí ihò kankan. Wọ́n dé ọrùn.

"Ẹ wò ó. Bàbá, ẹ wò ó níbí." Ìka rẹ̀ kan ojú ẹ̀rọ. "Ìlà orí wá láti òkè, ó dúró. Ìlà ara wá láti ìsàlẹ̀, òun náà dúró. Ẹ ò so wọ́n pọ̀. Lápá ọ̀tún bẹ́ẹ̀, lápá òsì bẹ́ẹ̀. Ọrùn ni ọ̀dà ń gbà jáde." Ó sáré lọ wo ti àwọn ọmọ. "Àwọn yìí náà nìyí. Méjèèje, ibì kan náà. Àfi bí ẹni pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Bùrẹ́ímọ̀ sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ wà lára àlàfo kékeré náà. Òun kò mọ̀ pé òun ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀. Ọwọ́ yẹn ti ń ṣe é láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, ọkàn kò sì rò ó mọ́, bí èèyàn kì í ti í ronú kó tó mí.

Lákòókò yẹn ni wọ́n pe ìrun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí. Ó dìde. "Jẹ́ kí n lọ kírun dé," ó wí, ó sì jáde.

Mọ́láyọ̀ wo aago, ó rí i pé aago mẹ́rin ti ń lọ. Inú rere ló fi ṣe ohun tó ṣe. Ó mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà kan lọ́tùn-ún, ìkan lósì, ó dí ọrùn ìyá pẹ́pẹ́yẹ, ó da ọ̀dà sí i. Ọ̀dà kún orí dé ìrù, kò sì jáde síta rárá. Ó ti ń jó díẹ̀díẹ̀ lórí àga nígbà tí Bùrẹ́ímọ̀ padà wọlé.

Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ náà ń dán bí oòrùn ìyálẹ̀ta.

"Ó rẹwà," ló wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Dá a padà."

"Ẹ ní?"

"Dá a padà bó ṣe wà, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Mọ́láyọ̀ yíjú sí i, ó rí i pé kì í ṣe eré. Ó dá a padà. Bùrẹ́ímọ̀ fa àga, ó jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìdí.

Ifo ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Àbúbákr, ní ilé-kéwú lábẹ́ igi ọdán. Gbogbo ọmọ yòókù á máa kọ háráfí sára wàláà, Bùrẹ́ímọ̀ á máa ya adìyẹ sí eteetí tirẹ̀. Wọ́n nà án títí, adìyẹ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbà pé ẹni tó bá ya ohun ẹlẹ́mìí, wọn yóò ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ ìkẹyìn, kò sì ní rí i ṣe. Ṣùgbọ́n baba ni, ó sì rí i pé kádàrá ọmọ kan kì í wọ aṣọ ọmọ kejì. Ní ọjọ́ kan ó pè é sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Bùrẹ́ímọ̀, n kò ní gba ohun tí Ọlọ́run fi sí ọ lọ́wọ́. Àmọ́ ṣèlérí kan fún mi. Ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí tí o bá yà, má so orí rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Fi àlàfo sí ọrùn rẹ̀, ìbáà ṣe bí irun kan. Ohun tí orí rẹ̀ dá dúró kò ní béèrè ẹ̀mí lọ́wọ́ rẹ." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Bùrẹ́ímọ̀ nígbà náà. Ó ṣèlérí.

"Màlúù àwọn alápatà," Mọ́láyọ̀ rọra béèrè, "àlàfo wà lọ́rùn rẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹja náà ní i lẹ́yìn etí. Búrọ́ọ̀ṣì kì í kọjá ibi tí mo bá ní kó dúró, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí i rí. Garawa yìí nìkan ló tú mi fó."

Mọ́láyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀jẹ́ nìyẹn, Bàbá. Nínú ìjọ tiwa náà, ẹni bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ ń san án ni. Mi ò ní fọwọ́ kan ọrùn wọn mọ́." Ó tún wo aago. "Iṣẹ́ wá ńkọ́?"

Iṣẹ́. Bùrẹ́ímọ̀ rí géètì Mowe lójú ọkàn rẹ̀, ó rí àga tí wọn yóò fún un. Ó rí bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi ọdán. Ìlérí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣe, arúgbó kì í wá yọ ọwọ́ níbẹ̀ nítorí pẹ́pẹ́yẹ. Ó yọ fóònù rẹ̀ láti pe Àjíbíkẹ́ pé kó má bínú, kó mú ti òyìnbó.

Ibi tó ti ń wá nọ́ńbà náà ni Sùwéébátù ti wọlé, ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ewé lọ́wọ́ kan, omi lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti àárọ̀ lẹ ò tíì jẹun. Kí ló dé tí ojú yín méjèèjì rí báyìí? Pẹ́pẹ́yẹ kú ni?"

Mọ́láyọ̀ sọ fún un. Sùwéébátù gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin yìí náà? Ẹ̀yin tí ẹ fín nọ́ńbà sára gbogbo típà láti ibí dé Ṣágámù, garawa tí ò tó àtàǹpàkò ló wá ń lé yín kiri? Mo gé páálí títí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nígbà yẹn. Ọ̀dà kan ò jò lára páálí tí mo gé."

Bùrẹ́ímọ̀ gbé fóònù sílẹ̀ sórí itan.

Páálí. Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Ẹni tó bá fẹ́ fín nọ́ńbà sára ọkọ̀, páálí ló ń gé, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, yóò fi ọ̀dà pa á lójú. Ṣùgbọ́n kì í gé òǹkà náà lódindi, àárín rẹ̀ yóò já bọ́. A máa fi tẹ́ẹ́rẹ́ páálí sílẹ̀ láàárín ihò kan àti èkejì, bí afárá. Ihò kọ̀ọ̀kan ní ògiri tirẹ̀ yíká. Ọ̀dà tó bá wọ ti òkè kò mọ̀ pé ti ìsàlẹ̀ wà, síbẹ̀ ẹni tó dúró lókèèrè rí nọ́ńbà kan ṣoṣo.

"Ìyá Salmah," ó wí, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n sin ọ́."

"Àmín. Kí ni mo ṣe?"

Bùrẹ́ímọ̀ ti kọjú sí ẹ̀rọ. Ó ti fa àga. Ó di máòsì mú, ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ orí ìyá pẹ́pẹ́yẹ, ó fi pa ẹnu orí dé bí ẹni dé ìkòkò. Ó fa ìlà kejì sókè ara, ó fi pa ẹnu ara dé. Láàárín ìlà méjèèjì, àlàfo bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, funfun, kò sí ohun tó kọjá nínú rẹ̀. Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ó tẹ̀ ẹ́ sí orí.

Orí kún. Ó dúró.

Ó tẹ̀ ẹ́ sí ara. Ara kún. Ó dúró.

Ni Mọ́láyọ̀ bá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì àti ògiri, ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Bùrẹ́ímọ̀ ò dìde, ohùn rẹ̀ ló dìde. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní oríkì kíkì, bàbá kọ́ ọ ní kéwú, àwọn méjèèjì kì í jà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń pa ọrùn dé tó ń da ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ló ń kì wọ́n:

"Pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́mọ gbọọrọ lẹ́yìn,
Arìn-bí-ìyàwó-tó-ru-omi-kíkún,
Òlúwẹ̀ẹ́-má-tutù,
Jáde lódò bí ẹni tí òjò ò pa rí.
Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tí í lu ẹrẹ̀ lóǹtẹ̀.
O ò sá, o ò sì sáré,
Ọmọ rẹ kankan ò ṣìnà lọ́jà.
Bóo bá ń lọ, máa wẹ̀yìn wò,
Àbíkẹ́yìn rẹ ń bọ̀, ó ń ka òkúta."

Sùwéébátù ń gbè é. Ẹni tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ gbàgbé ohun tó bá wá.

Ọmọ kẹrin tún jò. Ojú ewé di ẹ̀bà lẹ́ẹ̀kan sí i, oríkì sì dá. Àmọ́ wọn ò fòyà mọ́. Wọ́n dá a padà, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n tọ ìlà lọ, wọ́n bá ihò náà ní ìrù, níbi tí máòsì ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Àmì kan ṣoṣo tí kò tó hóró ata ló fi dí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó kún.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn gba ọ̀dà tirẹ̀ tán, Mọ́láyọ̀ ní òun kò ní fi àwòrán náà pamọ́ ní irú ọ̀nà tí fóònù ń gbà pa fọ́tò mọ́, torí etí àwọ̀ yóò tún dà rú bíi tàná. Ó yan èyí tó ń tọ́jú àwọ̀ bó ṣe wà. Ó fi ránṣẹ́ sí Àjíbíkẹ́ lórí Wáàsáàpù bíi fáìlì ìwé, kì í ṣe bíi fọ́tò. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọ́n jẹ ìrẹsì nínú ewé kan náà, wọ́n ń wo fóònù. Ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ohùn Àjíbíkẹ́ tó dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ti rí i. Mo ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, mi ò fẹ́ purọ́. Àwọ̀ yẹn kún dáadáa, kò sí wúruwùru kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn gbogbo wọn, láti ìyá dé ọmọ."

Mọ́láyọ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Sùwéébátù dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. Bùrẹ́ímọ̀ ń wo fóònù bí ẹni tó ń wo adájọ́.

"Ẹ fi kọ́là sí wọn lọ́rùn, àbí? Bíi ti yúnífọ́ọ̀mù. Mi ò ní kí ẹ ṣe é, ẹ fi ọgbọ́n ara yín ṣe é. Mo fi han àwọn tíṣà mi, wọ́n ní kọ́là funfun náà la máa rán sí aṣọ àwọn ọmọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò o."

Ẹ̀rín tí Sùwéébátù rín, wọ́n gbọ́ ọ dé títì. Bùrẹ́ímọ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí Ọlọ́run, ó fi ọwọ́ náà nu ojú, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Yaqub.

"Ọkọ Salmah, Ọlọ́run á san ọ́ lóore. Fún ẹlòmíràn ní géètì yẹn. Iṣẹ́ ti wọlé." Ó gbọ́ ohun tí Yaqub ń sọ. "Rárá, kì í ṣe fúlẹ́ẹ̀sì. Kọ̀ǹpútà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ó wá fèsì sí Àjíbíkẹ́, ó di bọ́tìnnì ohùn mú bí Mọ́láyọ̀ ṣe fi hàn án. "Màdáàmù, mo kí yín. Ẹ má gbóríyìn fún mi lórí kọ́là yẹn. Bàbá mi tó ti lọ ló ní kí n máa fi síbẹ̀. Mo kàn ń ṣe bó ṣe wí ni."

Èsì rẹ̀ kò pẹ́. Ó ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ bàbá. Ó ní òun fẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ẹranko tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí iléèwé tó wọlé. Ehoro, ewúrẹ́, àdàbà, àti ìjàpá fún àwọn tó kéré jù, gbogbo wọn pẹ̀lú kọ́là bàbá náà.

Mọ́láyọ̀ ti ṣí ojú ewé funfun tuntun. Bùrẹ́ímọ̀ fọ ọwọ́, ó nu ún gbẹ, ó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ.

"Ehoro rọrùn," ló wí, "ewúrẹ́ náà ò le. Ti ìjàpá ni mo ń rò. Mélòó ni ọrùn rẹ̀ tí àlàfo fi máa wà níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó yọrí síta dáadáa kí ẹ tó yà á," Sùwéébátù wí, ó ń ká ewé ìrẹsì. "Bí kò bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ sọ fún un pé kọ́là la fẹ́ wọ̀ fún un. Ìjàpá kì í kọ aṣọ tuntun."